Bóòtù púlì kíráǹkì tó kọ̀ tí kò tú: má ta kíkísítátà lórí Baby Boy

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìparí ọdún tó kọjá ni mo gba fíríìdọ̀mù, mo sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi lẹ́bàá Òkè-Baálẹ̀ níbí nílùú Òṣogbo. Oníbàárà mi kan, tíṣà ni, gbé Honda Accord 1999 wá, èyí tí a ń pè ní Baby Boy, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, jíà ọ́tò. Mo fẹ́ pààrọ̀ táímíìnì bẹ́líìtì rẹ̀ àti síìlì iwájú kíráǹkì tó ń jò. Ọjọ́ kẹta rèé tí bóòtù àárín púlì kíráǹkì ti kọ̀ jálẹ̀. Mo ti ṣẹ́ fọ́ọ̀sì háńdù kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì 19 kan sì ti là mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi háńdù ti ilẹ̀, kí n wá ta kíkísítátà, pé bí òun ṣe yọ ti Camry nìyẹn. Wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ mi ní kí n jẹ́ kí òun fi gáàsì sun ún. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?"

Àbúrò mi, kí n tó kí ọ rárá ni mo ti fẹ́ sọ ọ́: má ta kíkísítátà yẹn. O kú iṣẹ́ náà o. Ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́. Ó fi yọ ti Camry lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Camry àti ti Accord tó wà níwájú rẹ yẹn kì í yí sí apá kan náà. Ohun tó tú ti Camry ni yóò tún fún ti Accord yìí pọ̀.

Jẹ́ kí n fi ìgò ṣàlàyé rẹ̀. Mú ìgò mínírà oníke tí ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí. Fi ọwọ́ òsì di ìdérí mú gírígírí kó má yí rárá, kí o wá fi ọwọ́ ọ̀tún yí ìgò fúnra rẹ̀. Bí o bá ń wò ó láti òkè, tí o sì yí ìgò náà bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, ìdérí á tú. Bí o bá yí i sí òdìkejì, ṣe ni ìdérí á máa fún sí i. Ìdérí yẹn ni bóòtù, ìgò ni kíráǹkì, irin inú ẹ́ńjìnnì tó ń yí púlì, ọwọ́ òsì rẹ sì ni háńdù tí wọ́n ní kí o fi ti ilẹ̀. Bóòtù Camry àti bóòtù Accord, apá òsì náà ni àwọn méjèèjì ń tú sí. Ẹ́ńjìnnì ló yàtọ̀. Bí o bá kọjú sí púlì, ti Camry ń yí bí ọwọ́ aago, ti Baby Boy onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ń yí ní òdìkejì ọwọ́ aago. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí o bá ta sítátà, bátìrì lo fi ń bá bóòtù náà dì.

Bí ìwé kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, wo ibi tí púlì wà. Lára àwọn Accord àtijọ́ onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, láti Hala títí dé Baby Boy, ẹ̀yìn táyà iwájú lápá dírẹ́bà ni púlì máa ń wà, òdìkejì ọwọ́ aago ni wọ́n sì ń yí. Nígbà tí Honda gbé Accord 2003 jáde, èyí tí a ń pè ní End of Discussion, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sínú rẹ̀. Púlì sún sí apá ẹni tó jókòó ti dírẹ́bà, ẹ́ńjìnnì wá ń yí bíi ti gbogbo ayé, wọ́n sì fi ṣéènì rọ́pò táímíìnì bẹ́líìtì. Baby Boy onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà náà, bíi ti gbogbo ayé ló ń yí. Ẹni tó bá rí Honda kan kò tíì rí gbogbo Honda.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi náà ti jìyà rẹ̀. Ó ti pẹ́, Hala ni ọkọ̀ náà. Mo gbé háńdù sí ọwọ́ ọ̀tún mi bí mo ṣe máa ń ṣe lára Toyota, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ìyẹn sì jẹ́ lára Hala, mo tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi ta á. Dípò kí háńdù tẹ ilẹ̀, ṣe ló gbéra ńlẹ̀, ó fò sókè, ó fi orí gbá abẹ́ fẹ́ńdà, irin fẹ́ńdà sì yọ gọ̀ǹgọ̀ síta. Ká ní orí mi wà níbẹ̀ ńkọ́? Àpò ara mi ni mo fi san owó panẹbítà. Bóòtù náà sì le ju bí mo ṣe bá a lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí tìrẹ. Nínú gbogbo ohun tí o kọ, o sọ háńdù, o sọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, o sọ gáàsì. O ò sọ ohun tí o fi di púlì mú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Mo fura pé o gbé jíà sí Páàkì, o sì rò pé ìyẹn ti tó. Jíà ọ́tò kì í di ẹ́ńjìnnì mú. Páàkì ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú ni, epo inú jíà ló wà láàárín jíà àti ẹ́ńjìnnì. Bí o ṣe ń fa háńdù ni kíráǹkì ń bá ọ yí lọ díẹ̀díẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀, tí ó sì ń dá a padà fún ọ. Ọkọ̀ onígíà ọwọ́ nìkan ni o lè fi sí jíà karùn-ún kí ẹnìkan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ó sì dúró.

Ìwé Honda ní kí a fi 245 Nm di bóòtù yìí. Ohun tí ìyẹn jẹ́ nìyí: bí o bá na háńdù tó gùn ní mítà kan gbalaja, tí o sì so ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì kọ́ orí rẹ̀, kílò 25, ohun tó ń fa bóòtù nìyẹn. Kò tilẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún tó ti wà níbẹ̀ ti lé ní ogún, iná ẹ́ńjìnnì ti sè é, òjò Òṣogbo ti rọ̀ sí i, ìpata ti wọ inú ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ó gba ìlọ́po méjì kí ó tó tú kì í ṣe tuntun. Bí o bá wọn kílò 70, tí o sì gbé gbogbo ara lé orí háńdù tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, o ti ní bíi 410 Nm. Bí o bá fi páìpù gùn ún dé mítà kan àbọ̀, o ti lé ní 1,000. Agbára kò wọ́n ọ. Ó ń jò dànù lójú ọ̀nà ni, bí omi inú ajere.

Ibi àkọ́kọ́ tó ti ń jò ni púlì tí kò sí ohun tó dì í mú. Wo àárín púlì náà dáadáa. Wàá rí ihò onígun mẹ́fà tó yí orí bóòtù ká. Honda dìídì gbẹ́ ihò yẹn fún ìdìmú ni, milimítà 50 ni láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀. Wọ́n ń ta irin ìdìmú rẹ̀ lọ́jà, àwọn ọlọ́jà pààtì tó mọ Honda á mọ̀ ọ́n bí o bá júwe rẹ̀. Bí o kò bá rí i rà, wá nọ́ọ̀tì ńlá M33. Ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì M33 jẹ́ milimítà 50 géérégé. Gbé e lọ bá tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ léèsì gbẹ́ irin, kí ó fá téènì inú rẹ̀ kúrò, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì 19 lè gba àárín rẹ̀ kọjá láìfara kan ibì kan. Nínú ìlú tí wọ́n gbé iléeṣẹ́ Machine Tools sí, a kì í wá tọ́nà tì. Lẹ́yìn náà kí wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ rẹ yẹn, tí ó fẹ́ fi gáàsì sun nǹkan, wá fi iná jó o mọ́ irin pẹlẹbẹ tó nípọn, kí irin náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 80. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣe lórí ọkọ̀ yìí nìyẹn. Mú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ gan-an dání lọ sọ́dọ̀ tọ́nà kí ó fi wọ̀n ọ́n. Mo ti rí ẹni tó ṣe ìdìmú tó dára tán, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò wọlé.

Ibi kejì tó ń jò ni háńdù àti èkísítẹ́ńṣọ̀n. Gbé fọ́ọ̀sì háńdù onígun ìdajì íǹṣì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti fi ara rẹ̀ hàn ọ́. Wá èyí tí igun rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 3/4, àwọn tó ń tún tírélà ṣe ní in, wọ́n á sì yá ọ bí o bá mọ bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Kí sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ onígun mẹ́fà, má lo onígun méjìlá, torí ìyẹn ló ń jẹ orí bóòtù. Èkísítẹ́ńṣọ̀n tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn máa ń lọ́ bí okùn kí bóòtù tó mọ̀ pé ẹnìkan ń fa òun. Lo èyí tó ki tó sì kúrú jù lọ tí yóò kàn yọ síta fẹ́ńdà. Gbé sítáńdì sábẹ́ orí rẹ̀ tó wà níta kó má bàa tẹ̀ sísàlẹ̀, torí bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá dagun lórí bóòtù, ó ń là nìyẹn. Mo lérò pé bí tìrẹ ṣe là gan-an nìyẹn.

Kí o tó fà á, gbé ọkọ̀ lé sítáńdì, kì í ṣe jáàkì nìkan. Mo mọ̀ pé a máa ń ṣe é. Má ṣe é lọ́jọ́ yìí, torí o fẹ́ gbé gbogbo ara lé páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, jáàkì á sì ṣubú. Táyà tí o tú, tì í sábẹ́ ọkọ̀. Fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà gbọn ìpata orí bóòtù dànù, fín WD-40 sí ìdí orí rẹ̀ kí o sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mi ò ní tàn ọ́, òróró yẹn kì í dé ẹsẹ̀ bóòtù tó dì pa báyìí, ṣùgbọ́n ó ń wọ eteetí rẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ju òróró lọ ni kí o gbé irin lé orí bóòtù gan-an kí o fi òòlù lù ú bíi ìgbà mẹ́wàá, kíkankíkan, gbọọrọ sínú. Ìjayà yẹn ń já ìpata. Má lu etí púlì o.

Wàyí o, ti ìdìmú bọ ihò púlì. Ìdìmú á fẹ́ bá bóòtù yí lọ sí òsì, nítorí náà jẹ́ kí irin rẹ̀ kọjú sí iwájú ọkọ̀, kí orí rẹ̀ jókòó sórí igi pákó nílẹ̀. Kó ti ilẹ̀ dáadáa kí o tó bẹ̀rẹ̀, torí bí àyè bá wà níbẹ̀, á bẹ́ lù ú nígbà tó bá débẹ̀. Ti sọ́kẹ́ẹ̀tì gba àárín ìdìmú kọjá, kó wọlé tán. Kí háńdù àti páìpù náà kọjú sí iwájú ọkọ̀, kí ó ga sókè díẹ̀ ju gbalaja lọ. Tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Má fò lé e, má gbọ̀n ọ́n, gbé ara lé e díẹ̀díẹ̀ títí ìwọ̀n rẹ yóò fi pé sórí rẹ̀, kí o sì dúró bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dúró síwájú páìpù. Má sì fi jáàkì ti páìpù láti abẹ́, ọkọ̀ lo máa gbé kúrò lórí sítáńdì.

Bó bá máa tú, kò ní rọra tú. Á dún pàù! bí ìbọn ṣakabùlà, ìpata pupa á tú yẹ́ẹ́ jáde lábẹ́ orí rẹ̀, páìpù á sì já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló ń rò pé bóòtù ti ṣẹ́ nìyẹn, tí wọ́n á ké. Kò ṣẹ́. Bóòtù tó fẹ́ ṣẹ́ kì í dún bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́: ṣe ló máa ń rọ̀, tí háńdù á máa yí lọ bí ìgbà tí èèyàn ń lọ́ ẹran, tí orí bóòtù kò sì jáde síta rárá. Bí o bá gbọ́ irú rírọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ, dúró lójú ẹsẹ̀, kí o sì lọ wá gọ́ọ̀nù.

Gọ́ọ̀nù tí mò ń wí ni èyí tí fókánáísà fi ń tú táyà tírélà. Bí o bá rí i lò, kò burú rárá, ó sábà máa ń tú u láìsí ìdìmú pàápàá. Àmọ́ kí afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ pọ̀, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ dúdú oníki, kí èkísítẹ́ńṣọ̀n má sì gùn. Gọ́ọ̀nù kékeré tó ń tú táyà Corolla kàn máa pariwo lásán ni. Jẹ́ kó lu bóòtù fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, dá a dúró, tún lù ú.

Gáàsì ńkọ́? Púlì yẹn kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Rọ́bà wà láàárín irin inú àti irin ìta rẹ̀, òun ló ń gba jìgìjìgì ẹ́ńjìnnì. Bí iná bá kan rọ́bà yẹn, púlì lè bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, bẹ́líìtì ọ́tánétọ̀ á máa já, oníbàárà á ní o ò mọṣẹ́. Kọ́bà oníke àti bẹ́líìtì tún wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ́ìlì síìlì tó ń jò sì ti ta sí gbogbo agbègbè náà. O fẹ́ gbé iná síbẹ̀? Ìgbà tí ìdìmú, páìpù àti gọ́ọ̀nù bá ti kọ̀ tán pátápátá nìkan ni mo lè gbà kí wọ́n fi iná tóńtó kan orí bóòtù nìkan, lẹ́yìn tí o bá ti nu ọ́ìlì kúrò tí o sì ti tú bátìrì. Bí òórùn rọ́bà bá ti dé imú rẹ, o ti pẹ́ jù. Ní tèmi, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti gbé iná sún mọ́ bóòtù yìí gbẹ̀yìn.

Ti Camry ọ̀rẹ́ rẹ, kí n má fi í sílẹ̀ báyìí. Ọgbọ́n sítátà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó yọ wáyà kọ́ìlì kí ẹ́ńjìnnì má bàa jí, kí háńdù ti fara ti ilẹ̀ tàbí irin ṣáńsísì gírígírí, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má sí nítòsí rẹ̀, kí ó sì ta á wẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó fi sílẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ o ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní kọ́ ọ. Kìkì pé bẹ́líìtì méjì ló wà nínú ọkọ̀ yìí, ti táímíìnì àti ti bálàǹsì, kí o pààrọ̀ méjèèjì papọ̀, kí o sì wo wọ́tà pọ́ǹpù tó wà lẹ́yìn wọn. Bí ti táímíìnì bá já lójú ọ̀nà, písítìnì á pàdé fáàfù, kò sí àánú níbẹ̀.

Dídì padà ni mo fẹ́ kí o fi ọkàn sí, torí ibẹ̀ ni àwa mẹkáníìkì ti ń ṣẹ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Àwọn kan á ní "ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n". Ọwọ́ kò mọ̀ ọ́n. Bó bá rọ̀, púlì á máa mì, á jẹ kíì inú kíráǹkì, á sì jẹ imú kíráǹkì mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì odindi lo máa rà. Bí o bá fi gọ́ọ̀nù dì í, ìwọ náà ló máa tún padà bá a. Nu ojú púlì àti ojú ibi tó ń bá pàdé kí wọ́n gbẹ fúrúfúrú. Fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pa téènì bóòtù àti abẹ́ orí rẹ̀. Bí o bá ní tọ́ọ̀kù ríǹṣì, háńdù tó ń ka agbára tí o fi ń dì í, 245 Nm, ó parí.

Bí o kò bá ní, wá òṣùwọ̀n aláfìkọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹrù ẹni tó ń wọ bàálù tàbí tí àwọn aládìyẹ fi ń wọn ọjà. Fi ìdìmú sí i, lọ́tẹ̀ yìí kí irin rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀, torí ọ̀tún ni yóò fẹ́ yí sí. Gbé háńdù dúró ṣánṣán sókè kí ìwọ̀n irin rẹ̀ má bàa wọ ìṣirò. Wọn mítà kan géérégé láti àárín bóòtù sókè, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, fi ìkọ́ òṣùwọ̀n kọ́ ibẹ̀, kí o sì fà á gbọọrọ sẹ́yìn ọkọ̀. Bí òṣùwọ̀n bá ti ka kílò 25, tí bóòtù kò sì yí mọ́, o ti dé 245. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi ti fi òṣùwọ̀n báyìí di ti ọkọ̀ kan, a wá fi tọ́ọ̀kù ríǹṣì tí a yá yẹ̀ ẹ́ wò, iye kan náà ló kà.

Kí o tó ta á, yí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ pẹ̀lú háńdù lórí bóòtù yẹn kan náà, sí apá òsì, apá tí òun fúnra rẹ̀ ń yí sí, bíi ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí bẹ́líìtì lè jókòó, kí o wá wo àwọn àmì táímíìnì bóyá wọ́n ṣì pàdé. Yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó lè rọrùn. O rí i pé apá òsì yìí náà ni bóòtù ń tú sí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú lọ́wọ́ rẹ níbẹ̀, o ò dì í tó. Padà sídìí òṣùwọ̀n.